Bí kíndìnrín eku ṣe lè tètè mọ́ gaara fún máíkírósíkóòpù

Ẹ káàbọ̀ sí lábù wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH àti Bowen ń béèrè ohun tó ń jẹ́ kí ẹran ara pẹ́ kó tó mọ́ gaara, ìyẹn kí ìmọ́lẹ̀ tó lè gbà á kọjá. Ìnípọn rẹ̀ ni.

Ẹ wo kíndìnrín eku yìí. Ó ti sun inú fọ́málìn, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà, mọ́jú, a sì ti ṣàn án. A ti kọ́kọ́ fi omi iyọ̀ lé ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ jáde, torí ẹ̀jẹ̀ máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì.

Ẹ mú abẹ. Ẹ gé e kó nípọn tó mìlímítà 1. Bí ìnípọn bá di ìlọ́po 2, àsìkò tí oògùn yóò fi wọ àárín rẹ̀ á di ìlọ́po 4. Nítorí náà, mìlímítà 4 á gba ìlọ́po 16. Kò sí oògùn olówó ńlá tó lè san gbèsè yẹn.

Ó kan ẹ́tánọ́ọ̀lù, ọtí tó ń fa omi inú rẹ̀ jáde: ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún, 70, lẹ́yìn náà ògidì, lẹ́ẹ̀mejì. Wákàtí kọ̀ọ̀kan ni mo ń fún èyí tó tín-ín-rín báyìí, lórí ẹ̀rọ tó ń mì í. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ máa fọwọ́ mì í. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ògidì kejì o! Omi tó bá ṣẹ́ kù ló máa ń jẹ́ kó funfun bàìbàì.

Ẹ wá gbé e sínú ethyl cinnamate, oògùn olómi tó ń jẹ́ kó mọ́ gaara. Àwọn onímọ̀ ní Jámánì fi ṣe kíndìnrín eku ní 2017, kò sì ní májèlé bíi ti àwọn oògùn àtijọ́. Ẹ rántí bébà tí wọ́n fi wé àkàrà: ibi tí epo bá rin, ìmọ́lẹ̀ á gbà á kọjá. Omi ń tẹ ìmọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n 1.33, púrótéènì sún mọ́ 1.5, ìyàtọ̀ yẹn ló ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká. Ti ethyl cinnamate jẹ́ 1.56, ó sì ti gba ipò omi. Ẹ wò ó, etí rẹ̀ ti ń mọ́! Ó dùn mọ́ mi nígbàkúùgbà.

Abọ́ gíláàsì ni kẹ́ ẹ lò, torí ethyl cinnamate máa ń jẹ abọ́ oníke tinrin. Ẹ má sì gbé e sí fíríìjì, yóò dì. Orí tábìlì ni kẹ́ ẹ fi sí, kẹ́ ẹ dé e pa.