Dùùrù Tí Wọ́n Fi Kọ́ Sórí Igi

Bíbélì kíkà: Orin Dáfídì 137:1–6

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Àwọn ìgbèkùn fi dùùrù kọ́ sórí igi létí odò Bábílónì, wọ́n ní báwo làwọn ṣe máa kọrin. Ẹ wò ó dáadáa: orin ni wọ́n fi sọ ọ́.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1941, àwọn Násì, ẹgbẹ́ Hitler tó ń ṣàkóso Jámánì nígbà náà, kó àwọn Júù ìlú Vilna, ní Lithuania, sínú àdúgbò tí wọ́n sé pa, tí wọ́n ń pè ní gẹ́tò. Nínú igbó Ponary, nǹkan bíi kìlómítà 10 sílùú, ìjọba Soviet ti gbẹ́ kòtò ńláńlá tẹ́lẹ̀ láti fi tọ́jú epo. Kòtò epo di kòtò òkú. Júù bíi 70,000 ni wọ́n yìnbọn pa síbẹ̀.

Nígbà tí tíátà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nínú gẹ́tò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1942, àwọn kan lẹ ìwé mọ́ ògiri pé a kì í ṣeré ní itẹ́ òkú. Wọn ò jẹ̀bi. Ta ló ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ tó ń wá onílù? Síbẹ̀ eré wáyé, ìdíje orin náà wáyé lẹ́yìn náà. Ọmọ ọdún 11 kan, Alexander Wolkovyski, ló fi ohùn orin tó ṣe fúnra rẹ̀ gbégbá orókè. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ dókítà, fi ọ̀rọ̀ èdè Polish sí ohùn orin náà; akéwì Shmerke Kaczerginski wá fi ti Yídíìṣì, èdè àwọn Júù ibẹ̀, sí i. Orin ìrẹmọlẹ́kún ni, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n ó dárúkọ Ponary ketekete.

Wọ́n tú gẹ́tò ká ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1943. Ọmọ náà la àgọ́ ìfìyàjẹni àwọn Násì ní Estonia àti ní Jámánì já, ó dé Palẹ́sìtínì ní 1945, ó di Alexander Tamir. Òun àti Bracha Eden, tóun náà jẹ́ atẹdùùrù, wá jọ ń tẹ dùùrù òyìnbó (píánò) pa pọ̀, nígbà mìíràn ọwọ́ mẹ́rin lórí ẹyọ kan ṣoṣo.

Ibi tí àwa ti ń ṣìnà ni pé a máa ń fo ọ̀fọ̀ dá bọ́ sínú ọpẹ́. Orin Dáfídì yìí ò ṣe bẹ́ẹ̀; ó kọ́kọ́ jókòó, ó sunkún. Tí ọ̀fọ̀ bá di yín lẹ́nu láàárọ̀ yìí, ẹ má fipá pariwo halelúyà. Ẹ mú orin kan tí ìyá yín fi ń rẹ̀ yín lẹ́kún, ẹ fi ohùn kékeré kọ ọ́, kí ẹ sì dárúkọ ohun tó dùn yín gan-an sínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Olúwa, Ìwọ tó gbọ́ ẹkún létí odò Bábílónì, gbọ́ èyí tí mi ò lè sọ jáde.

Bàbá, má ṣe jẹ́ kí orúkọ àwọn tó sùn sí Ponary parẹ́ níwájú Rẹ.

Rántí ọmọ tí wọ́n ń rẹ̀ lẹ́kún lónìí níbi tí ìbọn ti ń dún. Jẹ́ kó dàgbà.

Dùùrù tí mo fi kọ́ sórí igi, Olúwa, bá mi sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà tó bá tó. Lórúkọ Jésù. Àmín.