Ṣaworo Lẹ́sẹ̀ Dorothy

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn olùkọ́, télọ̀ àti òbí sọ ní Àgbádárìgì nìyí, nígbà tí wọ́n ń múra eré ìparí ọdún àwọn ọmọ sílẹ̀, ìtàn The Wizard of Oz ni wọ́n fẹ́ fi ṣe é. Mo tún un tò díẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ò sí níbẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin télọ̀ tí ẹ ti ṣọ́ọ̀bù pa lọ́sàn-án yìí, ẹ kú ìjókòó. Ta ni nínú wa tí kò gbọ́ ọ rí nílé pé ààjà gbé ọmọ kan lọ? Wọ́n á wá ọmọ náà títí, wọn ò ní rí i. Nígbà tó bá máa padà dé, á ti mọ ohun tí àgbà ilé ò mọ̀. Ẹ rí i pé ẹ ti mọ ìtàn tí mo gbé wá. L. Frank Baum ló kọ ọ́ ní Amẹ́ríkà, W. W. Denslow ló ya àwòrán inú rẹ̀, ìwé náà sì jáde ní ọdún 1900. Ìjì gbé ọmọbìnrin kan, Dorothy, tòun ti ilé tòun ti ajá rẹ̀, ó di ìlú Oz. Ibẹ̀ ló ti pàdé ọmọlangidi koríko tí wọ́n fi ń lé ẹyẹ lóko, ọkùnrin páànù, àti kìnnìún tí àyà rẹ̀ máa ń já. Ìyókù, ẹ bi àwọn ọmọ yín.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ló gbé mi wá ní tèmi. Ọdún méjì péré lẹ́yìn tí ìwé yẹn jáde, ní 1902, wọ́n ti ń ṣe é lórí ìtàgé ní Chicago. Denslow tó ya àwòrán náà ló ṣètò aṣọ àwọn òṣèré. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n fi ajá ṣe: wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọ́n fi màlúù rọ́pò rẹ̀! Imogene lorúkọ màlúù ọ̀hún, ènìyàn ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Ìgbà tó yá ni mo wá rò ó wò. Ajá bíńtín lórí ìtàgé gbàràmù-gbaramu, ta ni yóò rí i láti ẹ̀yìn? Àgbàlagbà wo ló sì lè ká ara rẹ̀ kò títí táá fi tó ajá tí ọmọdé ń gbé sápá? Ṣùgbọ́n màlúù gba ènìyàn, ó gba ijó, ọmọ tó jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn náà á rí i.

Bàtà Dorothy ńkọ́? Fàdákà ni nínú ìwé. Nínú sinimá ọdún 1939 tí Judy Garland ti ṣe Dorothy, ó di pupa, tó ń kọ mànà. Àwọ̀ nínú sinimá ṣì jẹ́ ohun tí wọ́n ń fi yangàn nígbà yẹn, pupa ló sì yọ jù lójú kámẹ́rà. Bí ọmọ bá wọ bàtà fàdákà jáde lónìí, wọ́n á ní télọ̀ ló ṣì í ṣe. Ó máa ń dùn mí fún Baum díẹ̀.

Kò sí ìkankan nínú wọn tó rán aṣọ fún ìwé. Ojú ẹni tó ń wòran ni wọ́n ń rán an fún. Ní 1975, Geoffrey Holder, ọmọ Trinidad, gbé ìtàn yìí kan náà sórí ìtàgé ní New York, adúláwọ̀ sì ni gbogbo òṣèré rẹ̀. Oníjó ló fi ṣe ìjì: obìnrin kan tó ń jó, tí aṣọ dúdú gbọọrọ ń fò tẹ̀lé e. Ẹ̀bùn Tony, ẹ̀bùn ńlá àwọn eléré ìtàgé Amẹ́ríkà, méjì ló gbà lórí eré yẹn, ọ̀kan fún ìdarí, ọ̀kan fún aṣọ. Nílé níbí náà, nígbà tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá, eléré tíátà, gbé ìtàn ọ̀mùtí tí Amos Tutùọlá kọ sórí ìtàgé ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, Demas Nwoko ló bá wọn ṣe ìtàgé àti aṣọ.

Mo fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀ lórí kìnnìún, torí ó ti kó bá mi rí. Nínú sinimá ọdún 1939 yẹn, awọ kìnnìún gidi ni wọ́n rán fún Bert Lahr tó ṣe kìnnìún, lábẹ́ iná tó gbóná janjan. Buddy Ebsen tó kọ́kọ́ fẹ́ ṣe ọkùnrin páànù tiẹ̀ dèrò ọsibítù nítorí àtíkè alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kùn ún lójú, ẹlòmíì ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Mo mọ gbogbo èyí, síbẹ̀ mo rán kìnnìún fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì àti fóòmù ṣe é, mo fi síìpù sí i lẹ́yìn. Nígbà tó kan án láti sọ̀rọ̀, ó kàn dúró. A rò pé ó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ ló pariwo láàárín èrò. Síìpù há, sáàsì la fi gé aṣọ náà. Ooru tó jáde níbẹ̀ dà bíi ti ìkòkò ẹ̀kọ. Ọmọ náà mu píọ́ wọ́tà méjì, ó wò mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n padà wọlé?” Ẹ̀bi mi ni, mi ò lè tì í sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rán aṣọ tán, ọmọ á wọ̀ ọ́, á kọ orin orílẹ̀-èdè láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, á fò sókè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí ohùn bá há tàbí ẹsẹ̀ bá kọ́, mo tú u nìyẹn. Kìnnìún mi ò ní awọ mọ́: ṣẹ́ẹ̀tì pupa rúsúrúsú ni, pẹ̀lú fìlà tí mo lẹ òwú ara èèpo àgbọn mọ́ yíká. Àgbọn kò ṣáà wọ́n ní Àgbádárìgì. Gọ̀gọ̀ pé, ojú ọmọ sì wà níta. Ọkùnrin páànù ẹ má fi páànù ṣe é o, ó ń ya ènìyàn lára. Páálí tí a kùn ló dára, kí ẹ so agolo mílíìkì mélòó kan mọ́ ọn nídìí kó lè máa dún.

Wọ́n bi mí láàárọ̀ bóyá a lè fi ìko bo ọmọlangidi koríko látòkè délẹ̀. Mo ní ó tì. Nílùú yìí, ohun tó bá fi ìko bo gbogbo ara, tó ń yí bírí, orúkọ kan ṣoṣo ló ń jẹ́: Zangbeto, ẹ̀ṣọ́ òru àwọn Ògù. Kì í ṣe ohun tí a ń fún ọmọdé fi ṣeré. Àti pé bí ó bá yọ sí wọn, ta ni yóò tún rántí Oz? Ẹ fi ìko díẹ̀ sí ọrùn, sí ọwọ́, sí kókósẹ̀, bí ìgbà tí koríko ń yọ jáde nínú ògbólógbòó aṣọ. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá télọ̀ kan wá na ọwọ́: “Bùrọ̀dá mi, bàtà pupa tó ń kọ mànà yìí, ibo la ti fẹ́ rí i? Ta ló tiẹ̀ fẹ́ wo ẹsẹ̀?” Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Ọ̀sán la máa ṣeré, gbọ̀ngàn yìí ò ní iná ìtàgé, orí ni ẹni tó bá jókòó lẹ́yìn á máa rí. Mo ní kí wọ́n bá mi pe ọmọ tó máa ṣe Dorothy. Mo yọ ṣaworo nínú àpò, mo so ó mọ́ ọn lọ́rùn ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹ rántí pé nígbà tó bá fẹ́ padà sílé, á gbá gìgísẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo ní kó rìn dé ẹnu ọ̀nà, kó dúró sẹ́yìn gbogbo wa níbi tí ẹnì kankan ò ti lè rí ẹsẹ̀ rẹ̀, kó wá gbá a. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ dákẹ́. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì. Kó tó gbá ẹ̀kẹta, gbogbo ilé ti yíjú sẹ́yìn.