Ipò Tó Máa Pa Mí, Olúwa, Má Jẹ́ Kí N Rówó Rà Á

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ará, ṣé dáadáa la jí? Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ẹ bá mi ṣí Òwe 20:21, ibẹ̀ ló ti sọ pé ogún téèyàn bá fi ìkánjú jẹ, ìgbẹ̀yìn ẹ̀ ò ní ní ìbùkún. Ẹni tí mo rí tí ẹsẹ yìí bá wí gan-an ni Didius Julianus, ọba Róòmù tó lo ọjọ́ 66 péré lórí oyè lọ́dún 193.

Ẹ má rò pé jàǹdùkú kan ni o. Ọmọ ilé ńlá ni, ìran wọn ti Milan wá, ilé ìyá Marcus Aurelius, tóun náà jọba Róòmù, ni wọ́n ti tọ́ ọ, ó ṣe ọ̀gá sójà ní Mainz ní Jámánì, ó ṣe gómìnà lápá Bẹ́ljíọ̀m, ó lé àwọn Chauci, ẹ̀yà Jámánì kan tó wá kógun jà wọ́n, padà, ó di kọ́ńsúlù, ìyẹn ipò ńlá nínú ìjọba Róòmù, wọ́n tún fi ṣe gómìnà Áfíríkà, ìyẹn apá ibi tó di Tùnísíà lónìí. Kí ló tún kù? Ṣé kò yẹ kó jókòó jẹun ẹ̀ ni?

Ní March 28, 193, àwọn sójà tó ń ṣọ́ Pertinax, ọba tó jẹ ṣáájú Julianus, ló pa á fúnra wọn, ọjọ́ 87 ló ṣe lórí oyè, torí ó fẹ́ fún ìjánu wọn. Wọ́n sá padà sí bárékè wọn, wọ́n ti géètì, wọ́n wá fi ìjọba Róòmù ṣe gbàǹjo! Sulpicianus wà nínú, ó ń ná an, bàbá ìyàwó Pertinax tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ni o, òkú àna ẹ̀ ò tíì tutù. Julianus wà níta lẹ́nu géètì. Herodian, òpìtàn ayé ìgbà yẹn, ní ibi tó ti ń jẹun lálẹ́ ni ìyàwó ẹ̀, ọmọ ẹ̀ àtàwọn tí wọ́n jọ ń jẹun ti ní kó dìde lọ. Àwọn sójà ń lọ ń bọ̀ láàárín àwọn méjèèjì, "ó ti sọ báyìí o, èló lo máa fi lé e?", wọ́n ń ná an títí ó fi di 20,000 sesterces, ìyẹn owó Róòmù, fún sójà kọ̀ọ̀kan, Julianus bá fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ó fi 5,000 lé e, ó ń pariwo, ó sì ń fi ìka ọwọ́ ka iye owó náà fún wọn. Wọ́n gbà á wọlé.

Cassius Dio, òpìtàn tó jẹ́ sẹ́nétọ̀ nígbà yẹn, ní ẹ̀rù bà àwọn débi pé àwọn wẹ̀, àwọn jẹun alẹ́ bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, káwọn tó lọ bá a ní ilé ìgbìmọ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, àwọn ará ìlú ń pè é lólè tó jí ìjọba, wọ́n ń sọ ọ́ lókùúta. Septimius Severus, ọ̀gágun Róòmù kan tó fẹ́ gba oyè náà, ọmọ Leptis Magna ní Líbíà, kó sójà bọ̀ láti apá odò Danube. Julianus gbẹ́ yàrà, ó kó erin jáde pé kó dẹ́rù bà wọ́n, àwọn erin da àwọn tó ń gùn wọ́n sílẹ̀. Àwọn sójà tó ta oyè fún un ńkọ́? Wọn ò bá a jà dójú ikú. Ilé ìgbìmọ̀ dájọ́ ikú fún un, sójà kan pa á láàfin, Dio ní ohun tó ń sọ ni pé, "Kí ni mo ṣe? Ta ni mo pa?" Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń ṣe mí láàánú o, torí kì í ṣe ìkà. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà, ẹ lanu yín dáadáa.

Olúwa, ipò tó máa pa mí, má jẹ́ kí n rówó rà á, tí mo bá tiẹ̀ lówó ẹ̀, jẹ́ kí géètì ibẹ̀ tì mọ́ mi.

Baba, iṣẹ́ tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe pẹ̀lú òógùn ojú, ìkánjú alẹ́ ọjọ́ kan ò ní bà á jẹ́. Ẹni tó ń du oyè nílé, ẹni tó ń wá pírómóṣọ̀n ní ọ́fíìsì, ẹni tí wọ́n ń tì pé kó jáde du ipò òṣèlú, Olúwa, bá a sọ̀rọ̀ kó tó ka owó sílẹ̀.

Àwọn tó ń sọ fún mi nídìí oúnjẹ pé "dìde, àsìkò ẹ nìyí", tí kì í ṣe ìwọ lo rán wọn, Baba, dí mi létí sí wọn.

Lẹ́yìn ikú Julianus, Severus ló yọ̀ǹda òkú ẹ̀ fún ìyàwó ẹ̀ Scantilla àti ọmọ ẹ̀ obìnrin láti sin. Ìyàwó mi, ọkọ mi, ọmọ mi, wọn ò ní dúró gba òkú mi lọ́wọ́ ọ̀tá mi. Máa gbé mi ga bó o ṣe fẹ́, ní àsìkò tó o fẹ́, lọ́wọ́ ara ẹ, lórúkọ Jésù. Àmín.