Etí Ṣáájú Ìwé: Bí Clara Wieck Ṣe Di Onídùùrù

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ orin, Clara Wieck ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lónìí, ọmọbìnrin tí a bí ní ìlú Leipzig, ní ilẹ̀ Jámánì, ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1819. Olùkọ́ dùùrù ni Friedrich, bàbá rẹ̀, ó sì tún ń ta dùùrù. Akọrin ni ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ti kọ ara wọn sílẹ̀ nígbà tí Clara ṣì kéré. Ọmọ náà pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ti lé ní ọmọ ọdún 4 kí ọ̀rọ̀ tó yọ lẹ́nu rẹ̀, débi pé wọ́n rò pé etí rẹ̀ di.

Etí yẹn gan-an ni bàbá rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Kò kọ́kọ́ gbé ìwé orin síwájú rẹ̀ rárá. Ó jẹ́ kí ó máa fetí gba àwọn orin kéékèèké, kí ó máa tẹ̀ wọ́n títí ìka rẹ̀ fi mọ ibi tí ohùn kọ̀ọ̀kan wà, kí ó tó kọ́ ọ ní àmì orin kíkà. Wákàtí kan ni ẹ̀kọ́ ojúmọ́, nǹkan bíi wákàtí méjì ni ìdánrawò, lẹ́yìn èyí wọn a rìn jìnnà níta kí ara ọmọ lè le. Mo gbóríyìn fún ìwọ̀n yìí, nítorí pé láàárín wa, ọmọ lè yege ìdánwò dùùrù léraléra láì lè tẹ orin ìyìn tí ó gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lówùúrọ̀ ọjọ́ náà.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1828, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 9, ó kọ́kọ́ lu dùùrù ní gbangba ní Gewandhaus, gbọ̀ngàn orin Leipzig. Ní 1831, Goethe, àgbà akéwì, gbọ́ ọ ní Weimar. Síbẹ̀, bàbá rẹ̀ kò fi mọ sórí dùùrù: Clara kọ́ orin kíkọ lẹ́nu, ó kọ́ fáyólìn, ó sì kọ́ bí a ṣe ń hun ohùn pọ̀ àti bí a ṣe ń kọ orin fún ọ̀kẹ́sírà, ìyẹn ẹgbẹ́ olórin ńlá tí ń lo onírúurú ohun èlò.

Ibi tí èso rẹ̀ ti hàn sí mi jù ni Kọnsẹ́tò, ìyẹn orin fún dùùrù àti ọ̀kẹ́sírà, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ní ọmọ ọdún 13, tí òun fúnra rẹ̀ lù ní Gewandhaus ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ọdún 1835, tí Mendelssohn, ọmọ Jámánì tí ó gbajúmọ̀ nínú kíkọ orin sílẹ̀, sì darí ọ̀kẹ́sírà. Ní apá kejì orin náà, ọ̀kẹ́sírà fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́ pátá. Sẹ́lò kan ṣoṣo, ohun èlò tí ó jọ fáyólìn ńlá, ni ó ń bá dùùrù sọ̀rọ̀. Ọmọ tí kò kọ́ ju kí ìka yára lọ kò lè ronú kan irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ọwọ́ bàbá náà le. Ó ń kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́ lórúkọ ọmọ rẹ̀, ó ń lo “èmi” bí ẹni pé Clara ni ó ń sọ̀rọ̀. Èyí kò bójú mu. Ní 1838, Olú-ọba ilẹ̀ Austria fi oyè dá Clara lọ́lá ní Vienna. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó lọ sí Paris láìsí bàbá rẹ̀, ó sì ń ṣètò eré orin rẹ̀ fúnra rẹ̀, ní ọmọ ọdún 19.