Ta Ló Ni Títì Ìkòròdú Lọ́jọ́ Orò?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ Ìkòròdú tó wà lẹ́yìn odi, àti ẹ̀yin ará ilé tó ń gbọ́ wa. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn àti ìjọba la ó sọ lónìí. Mi ò fẹ́ ká sọ ọ́ bíi pé Àbújá nìkan ló kàn, torí ẹnu ọ̀nà ilé wa ló ti ń dunni jù.

Abala 10 nínú òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 kò gùn rárá: ìjọba àpapọ̀ tàbí ìjọba ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kankan di ẹ̀sìn ìjọba. Àwọn kan gbà pé ìyẹn ti lé ẹlẹ́sìn kúrò nínú òṣèlú. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Abala 38 fún kálukú lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ohun tó bá wù ú gbọ́, kó sì fi hàn ní gbangba. Pásítọ̀ lè bá gómìnà wí lórí owó oṣù òṣìṣẹ́, lèmọ́mù lè wàásù lórí owó ìlú tí wọ́n kó jẹ, babaláwo náà lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ohun tí mo lòdì sí ni kí ẹ̀sìn kan gba àṣẹ ìjọba, owó ìlú, tàbí títì tí gbogbo wa jọ ni.

Títì yẹn gan-an ni kí á mú. Bí Orò bá fẹ́ jáde ní Ìkòròdú, ìkéde á lọ pé kí obìnrin má yọjú síta. Tó bá jẹ́ òru, tí kò ju wákàtí díẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ obìnrin ò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Ìgbà tó bá wọ ojúmọmọ ni wàhálà dé. Nọ́ọ̀sì tó yẹ kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀ ní ọsibítù Jẹ́nẹ́rà ò lè dé ibẹ̀. Aláboyún tí omi rẹ̀ ti ya ò mọ ẹni tó máa gbé e. Obìnrin tó ń ti Ṣàgámù bọ̀ ò tiẹ̀ gbọ́ pé Orò wà. Ọmọbìnrin tó ní ìdánwò WAEC láàárọ̀ mọ̀ pé WAEC ò ní sún ọjọ́ síwájú torí tirẹ̀.

Abala 41 ló fún ọmọ Nàìjíríà lẹ́tọ̀ọ́ láti rìn fàlàlà. Abala 45 sì sọ ohun tó lè dín ẹ̀tọ́ náà kù: òfin ni, irú èyí tí ààbò, ìlera tàbí àlàáfíà ìlú mú kó pọn dandan. Ìkéde ààfin kì í ṣe òfin. Nítorí náà, bí alága kánsù bá buwọ́ lu irú ìkéde bẹ́ẹ̀, tàbí tí ọlọ́pàá bá ń dá obìnrin padà sílé, lójú tèmi, ìjọba ti gbè sẹ́yìn ẹ̀sìn kan nìyẹn.

Ẹnìkan á ní Orò ti wà kí kánsù tó dé. Òótọ́ ni, mi ò sì fẹ́ kó parẹ́. Oníṣẹ̀ṣe náà ọmọ onílẹ̀ ni. Inú mi dùn nígbà tí ìjọba Èkó fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi Ìṣẹ̀ṣe lọ́jọ́ 21 oṣù Kẹjọ, ọdún 2023. Ẹlòmíì á ní Ìlú Ọba pàápàá ní bíṣọ́ọ̀bù 26 nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà. Wọ́n ní i lóòótọ́, wọ́n sì ń dá sí ọ̀rọ̀ ìlú, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè ní kí obìnrin Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù má jáde.

Ohun tó ṣeé ṣe rèé. Kí wọ́n ti kéde ọjọ́ Orò ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, pẹ̀lú aago tí yóò bẹ̀rẹ̀ àti aago tí yóò parí; kó wà láàárín aago mọ́kànlá alẹ́ sí mẹ́rin ìdájí. Kí títì ńlá tó lọ sí Ṣàgámù àti ọ̀nà ọsibítù má sí lára ibi tí Orò máa gbà. Kí nọ́ńbà tí aláìsàn lè pè wà nínú ìkéde náà. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni pé ẹnu ni wọ́n fi ń kéde. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò ò ní gbọ́, àwọn gan-an ló sì máa kó sí i.

Ìwọ̀n kan náà ni kí a fi wọn ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ariwo tí LASEPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní ìpínlẹ̀ Èkó, gbà láàyè ní àdúgbò ilé gbígbé jẹ́ dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì (ìwọ̀n ariwo) 55 lọ́sàn-án, 45 lálẹ́. Lọ́dún 2016 wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́ṣáláṣí 20 pa torí ariwo. Gbohùngbohùn tí wọ́n gbé sórí òrùlé, tí wọ́n kọ ẹnu rẹ̀ sí títì, ló ń dá a sílẹ̀. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ kọ ẹnu rẹ̀ sínú ilé.

Ti ìpolongo ìbò ńkọ́? Òfin tí wọ́n fi dìbò 2023, ní abala 92, kò gbà kí wọ́n lo ilé ìjọsìn fún ìpolongo. Olùdíje tó bá rú u lè san ìtanràn tó tó mílíọ̀nù kan náírà tàbí kó fẹ̀wọ̀n oṣù 12 jura. Ìdúpẹ́ ni wọ́n máa ń fi bojú. Olùdíje á wá dúpẹ́, wọ́n á gbé makirofóònù fún un, wọ́n á kéde iye tó fi tọrẹ. Jẹ́ kó jókòó láàárín ìjọ, kó ṣàdúrà, kó máa lọ.

Ó wá kan àwa tí à ń fowó ránṣẹ́ sílé. Bí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú bá fẹ́ gbẹ́ bọ́hóòlù, inú ọgbà ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí ni wọ́n sábà máa ń gbé e sí, torí ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gbówó lórí. Tó bá yá, wọ́n á ti géètì lẹ́yìn ìsìn, ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ á máa bẹ̀bẹ̀ kó tó rí omi bù. Bí kò bá sí ilẹ̀ míì, ẹ jẹ́ kí ẹnu ẹ̀rọ wà lẹ́yìn ògiri, lójú títì. Ẹ gba ìwé pé wọ́n ti yọ̀ǹda ibi tí ẹ gbẹ́ ẹ sí fún àdúgbò, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò. Ẹ má fi owó tó kù ránṣẹ́ títí wọ́n á fi ya fọ́tò ẹnu ẹ̀rọ náà fún yín láti ìta.