Bí tíṣà bá ṣe gba àṣìṣe ọmọ

Ẹ wo ohun tó wà lójú bọ́ọ̀dù yìí: 1/2 + 1/3. Ọmọ JSS 1 kan dáhùn pé 2/5 ni. Ó ro tòkè pọ̀ mọ́ tòkè, ó ro tìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ tìsàlẹ̀.

Tíṣà kan á ní, "Jókòó, olódo." Kò dájú pé ọmọ yẹn á tún nawọ́ ní táàmù náà. Tíṣà mìíràn á bi í pé: "Ìdajì kóńgò gàrí àti 2/5 kóńgò, èwo ló pọ̀ jù?" Ìdajì ni. Báwo la ṣe bu gàrí kún gàrí tó wá dín kù? Ọmọ á rí àṣìṣe náà fúnra rẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí tíṣà tó pín kóńgò sọ́nà 6: ìdajì jẹ́ 3, 1/3 jẹ́ 2, àpapọ̀ wọn di 5/6. Ẹni tí kò mọ ìṣirò dénú kò lè ronú kan ìbéèrè yẹn. Ẹni tí kò ní sùúrù kò ní bi í. Sáìfíkéètì kì í fi ìkejì yìí hàn.

Ìdákẹ́ tí tíṣà ń dákẹ́ lẹ́yìn ìbéèrè ńkọ́? Ní àwọn ọdún 1970, Mary Budd Rowe, onímọ̀ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, rí i pé ọ̀pọ̀ tíṣà kì í dúró ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 1 lọ lẹ́yìn ìbéèrè. Nígbà tí wọ́n dúró tó 3, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí i. Torí náà, ẹ béèrè, ẹ ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta sínú, kí ẹ tó pe orúkọ. Bí orúkọ bá ṣíwájú ìbéèrè, àwọn yòókù ti sinmi nìyẹn.

Ní Kàbà tàbí Ìsánlú ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ọmọ Bùnú, ọmọ Ìyàgbà àti ọmọ Owé lè jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, ohùn tí wọ́n fi ń sọ Yorùbá ò sì dọ́gba. Tíṣà tó bá fi ohùn ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́ ti pa á lẹ́nu mọ́ nínú gbogbo iṣẹ́, títí kan ìṣirò.

Ó ku ìwé àmúrelé. Bó bá pẹ́ kó tó padà, ọmọ ti gbàgbé ohun tó rò tó fi kọ ọ́. Bí kíláàsì bá kún tó ọmọ 60, ẹ má wulẹ̀ kọ àlàyé sínú gbogbo ìwé. Ẹ wá ìbéèrè kan tí ọ̀pọ̀ wọn kùnà, kí ẹ tún un ṣe lójú bọ́ọ̀dù lọ́jọ́ kejì.