Káàdì Kò Ṣẹ̀: Àbùlẹ̀ ni Kernel Ń Wá

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún àwọn tó ń tún fóònù ṣe àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yábàá lọ́sàn-án Sátidé nìyí. Mo gé díẹ̀ kúrò. Ìyókù wà bó ṣe jáde lẹ́nu mi.

Ẹ káàsán o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sẹ́yìn, ẹ súnmọ́ iwájú, kò sí kọ̀ńdọ́ níbí tó máa gbowó ọkọ̀ lọ́wọ́ yín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Computer Village n'Ìkẹjà, níbi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń jẹun. Oníbàárà gbé mẹ́mọ́rì káàdì 64 GB wá. Fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, ohùn bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé náà wà níbẹ̀. Ọ̀gá fi káàdì náà sínú kọ̀ǹpútà Linux àtijọ́ rẹ̀, kọ̀ǹpútà ní òun kò mọ irú ètò fáìlì yìí. Ọ̀gá bá ní, "Káàdì ti bàjẹ́, ẹ jẹ́ ká fọ́mátì ẹ̀." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ mọ ara yín.

Káàdì kò ṣẹ̀! Màá máa sọ ọ́ títí ẹ ó fi lé mi síta.

Àdéhùn ni ètò fáìlì. Ẹni tó kọ nǹkan sórí káàdì àti ẹni tó fẹ́ kà á gbọ́dọ̀ fẹnu kò lórí ibi tí orúkọ wà, ibi tí fáìlì gan-an ti bẹ̀rẹ̀, àti bó ṣe gùn tó. Bí alájọ bá kú, tí ọmọ rẹ̀ kò mọ àmì tí bàbá rẹ̀ ń fà sínú káàdì àjọ, ṣé yóò ní kí ìyá aláta fa káàdì ya kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tuntun? Wọn á nà án lọ́jà! Ohun tí ẹ̀ ń ṣe sí oníbàárà yín nìyẹn. Ọmọ alájọ ló yẹ kó lọ kọ́ àmì. Kernel, ìyẹn ọkàn Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà Ọ̀gá, ni ọmọ alájọ náà.

Kí ló dé tí kernel kò fi mọ àmì? Ọ̀rọ̀ òfin ni. FAT32, ètò fáìlì àtijọ́ láti ìdílé FAT, kò lè gba fáìlì tó tó 4 GB, fídíò ayẹyẹ kan ṣoṣo sì lè ju ìyẹn lọ. Microsoft ṣe ètò fáìlì tuntun, exFAT, ní 2006. Nígbà tó yá, àwọn tó ń gbé ìlànà káàdì SD kalẹ̀ mú exFAT fún káàdì tó bá ju 32 GB lọ. Fóònù gbà á, kámẹ́rà gbà á, àmọ́ ẹ̀tọ́ orí rẹ̀ wà lọ́wọ́ Microsoft, àwọn tó ń kọ kernel Linux sì ń bẹ̀rù ẹjọ́. Ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ní oṣù kejì 2009, Microsoft gbé TomTom lọ sílé ẹjọ́. Ẹ̀rọ tó ń júwe ọ̀nà fún awakọ̀ ni TomTom ń tà, Linux ló wà nínú rẹ̀, ara ẹ̀sùn náà sì ni ọ̀nà tí FAT gbà ń kọ orúkọ gígùn pọ̀ mọ́ orúkọ kúkurú. Wọ́n parí ìjà náà ní oṣù kẹta. Lọ́dún yẹn kan náà, Andrew Tridgell, ọ̀kan lára àwọn tó ń kọ kóòdù, fi àbùlẹ̀ kan (patch, àtúnṣe kóòdù) ránṣẹ́ sáwọn tó ń kọ kernel: kí kernel má kọ orúkọ kúkurú gidi àti gígùn pọ̀ fún fáìlì kan ṣoṣo mọ́. Ọgbọ́n àgbà! Àmọ́ ó ṣeé ṣe, bó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n, kí Windows XP ṣubú lulẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹ rí i pé ẹni tó ń lẹ aṣọ níbí lè fa tẹlòmíì ya lọ́hùn-ún.

Ní 2013, kóòdù exFAT ti Samsung bọ́ síta lábẹ́ GPL, ìwé àṣẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò ó, kó sì tún un ṣe. Ni gbogbo ayé bá ń rán an mọ́ kernel ara wọn. Ibẹ̀ ni wàhálà àbùlẹ̀ ilé ti bẹ̀rẹ̀, torí inú kernel kì í dúró sójú kan. Àbùlẹ̀ tó bá kernel ọdún yìí mu, tó bá di ọdún tó ń bọ̀, ó ti fún un lọ́rùn bí aṣọ ọmọ tó ń dàgbà. Módù, ìyẹn ègé kóòdù tí à ń fi kún kernel, tẹ́ ẹ kọ́ fún kernel kan, òmíràn á kọ̀ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn àgbà ní àbùlẹ̀ ní ń mú aṣọ tọ́. Wọ́n kò sọ pé kẹ́ ẹ tún un rán lóṣooṣù! Inú kernel gan-an ló yẹ kó máa gbé. Oṣù kẹjọ 2019 ni Microsoft gbé ìlànà exFAT síta, kóòdù exFAT wọ Linux 5.4 lọ́dún yẹn, èyí tó dáa jù látọwọ́ Samsung sì rọ́pò rẹ̀ nínú 5.7 ní 2020. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó fọ́mátì, ẹ tẹ uname -r, àṣẹ tó ń sọ nọ́ńbà kernel yín. Bí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá tó 5.4, ẹ mọ ẹni tó ṣẹ̀.

Ibi tí mo dé nìyí tí wọ́n mú iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ gba ogún ìṣẹ́jú wa, nítorí náà mo sáré: fóònù Android òde òní kì í gbé ètò fáìlì rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà lórí wáyà mọ́, MTP ló ń lò, ìyẹn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń béèrè fáìlì lọ́wọ́ fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan. Aago tí FAT ń kọ sára fáìlì kò sọ aago ìlú wo ni. Ó tán.

Ìyá kan tó ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó wá nawọ́. "Ọmọ mi, o ṣé. Káàdì tèmi ń ṣí. Orúkọ ni kò dúró. Mo kọ 'Oríkì Ọ̀ṣun', ó di 'Oríkì ???un'."

Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Mo ní, "Màmá, ẹ ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ mi."

Ẹ wo àmì ìbéèrè 3 yẹn. Odidi orúkọ wà lórí káàdì wọn. Àmọ́ iso8859-1, àkọsílẹ̀ lẹ́tà tí kernel fi ń ka orúkọ lórí FAT, bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà, ní í àti ì, kò ní Ọ, kò ní ṣ, kò sì ní àmì ohùn tó dá dúró. Àmì ìbéèrè kan fún Ọ, ọ̀kan fún àmì orí rẹ̀, ọ̀kan fún ṣ. A tún káàdì náà ṣí pẹ̀lú iocharset=utf8, àkọsílẹ̀ tó ní gbogbo lẹ́tà Yorùbá, Ọ̀ṣun padà. Mo fẹ́ pariwo pé káàdì kò ṣẹ̀.

Màmá ní, "Dúró ná. Kí ló dé tí wọ́n jẹ́ méjì?"

Òótọ́ ni. Oríkì Ọ̀ṣun méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n jọra bí ìbejì. Màmá fi kọ̀ǹpútà tẹ ọ̀kan, ọmọ wọn fi fóònù tẹ ìkejì. Ó kéré tán ọ̀nà 3 ló wà láti tẹ Ọ̀: Ọ pẹ̀lú àmì orí, Ò pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀, tàbí O pẹ̀lú méjèèjì. Lójú wa ọ̀kan ni, lójú FAT àti exFAT ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Láti Linux 5.2, ext4, ètò fáìlì ti Linux fúnra rẹ̀, lè kà wọ́n sí ọ̀kan nínú fódà tí a bá ṣètò bẹ́ẹ̀, àmọ́ fóònù kì í kọ ext4 sórí káàdì tó fẹ́ kí kámẹ́rà kà. Káàdì kò ṣẹ̀, kernel náà kò ṣẹ̀. Ẹnu mi wọlẹ̀.

Mo béèrè ta ló máa bá mi kọ àbùlẹ̀ tó máa mú kí orúkọ méjì yẹn di ọ̀kan. Ọwọ́ mẹ́ta ló nà sókè, ti Màmá wà lára wọn. Olùṣọ́ gbọ̀ngàn ti ń mi kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà.